Ọjọ́ Tí Aṣọ́nà Kò Jí

Òórùn ajílẹ̀ funfun, èyí tó rí bí iyọ̀, ló máa ń gbé mi padà síbẹ̀. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn: ó máa ń ta nímú, ó sì máa ń fa omi lójú ẹni tí kò sunkún. Bí mo bá gba iwájú ilé tí wọ́n ti ń tà á kọjá lónìí, ìbáà jẹ́ ní Pọ́bẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Kútọnu, ẹsẹ̀ mi á ti yára kí n tó mọ ohun tó fà á. Ilé ẹrù ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa wà létí ọ̀nà tó ti Kétu lọ sí Adakplamẹ, ilé gígùn kan tí wọ́n fi páànù bò, tí àgbàlá rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa gbalasa. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yàrá kékeré kan wà tó ní fèrèsé onígi kan. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé òdínatẹ̀ẹ̀ ẹgbẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, sí, ibẹ̀ ni èmi náà ń jókòó. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti àgbàlá náà, ògiri bíríkì tí wọn kò rẹ́, tí ìró gbogbo ń gbà kọjá. Fi ògiri yẹn sọ́kàn, torí etí ni mo fi gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níléèwé ní Àjàṣẹ́ nígbà náà. Ẹgbẹ́ gbà mí pé kí n máa tọ́jú ẹ̀rọ, orí mi sì wú gan-an, torí obìnrin ni mí, mo kéré lọ́jọ́ orí, àwọn tó ju bàbá mi lọ sì ń pè mí ní màdámù. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ètò méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá dé pé, ta ni ọ́, kí ni kóòdù rẹ? Bó bá dá a lójú pé ẹni náà ni lóòótọ́, á jẹ́ kó kọjá. Èkejì ló mọ iye àpò ajílẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú ilé ẹrù, òun ló sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n kó o fún un. Èmi sọ èkíní ní Aṣọ́nà, mo sọ èkejì ní Oníṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwa fi méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan náà, bí ìyàwó méjì tó ń lo ilé ìdáná kan, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn kan á sọ fún ọ pé ìyẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ kan tó wọn, ó sì ṣẹ́kù.

Ohun tí kò tó wọn ni ẹnu ọ̀nà. Nínú ẹ̀rọ, ètò tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kan, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà. Bí wọ́n ṣe ṣe Aṣọ́nà àti Oníṣẹ́ láti ilé, nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì yàn. Èyí tó bá kọ́kọ́ jí ló máa gbà á. Èyí tó bá dé lẹ́yìn á bá ẹlòmíì níbẹ̀, á sì kú láìpariwo. Ọ̀gá tó wá láti Kútọnu láti gbé ètò náà kalẹ̀ mọ èyí dáadáa. Nígbà tó ń jí Aṣọ́nà, ó sọ fún un pé kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà mìíràn. Ẹnu ló fi sọ ọ́; kò kọ ọ́ sínú àṣẹ tí Aṣọ́nà ń kà nígbàkígbà tó bá jí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ò bá kú, kò sí wàhálà. Ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Kútọnu, bátìrì ńláńlá ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kì í kú, nítorí náà kò rí i rí kí àwọn méjèèjì sùn kí wọ́n sì jọ jí. Ó jẹun, ó ya fọ́tò pẹ̀lú ààrẹ ẹgbẹ́, ó wọ mọ́tò funfun rẹ̀, ó lọ. Títí dòní, bí mo bá ń fọ aṣọ, mo ṣì máa ń ṣépè fún un nígbà míì.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí o mọ̀, tiwa sì ni èyí, kì í ṣe ti Kútọnu. Nígbà tí a ń fi orúkọ àwọn àgbẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kò sí ọmọkùnrin kan tó gbà kí a kọ orúkọ òun níwọ̀n ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá wà láàyè. Ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì àti oko tirẹ̀ á dúró níwájú mi, màá bi í pé, kí lorúkọ yín? Orúkọ bàbá rẹ̀ ni yóò pè. Ẹni tó bá dárúkọ ara rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa wò ó bí ẹni tó ń kánjú kí bàbá rẹ̀ kú. Bẹ́ẹ̀ ni agbo ilé kan ṣe di orúkọ kan àti kóòdù kan, tí gbogbo ọmọ ilé sì ń lò ó. Ọ̀gá láti Kútọnu rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òun á fúyẹ́. Òun náà ló kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa sọ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ fún gbogbo ìbàjẹ́ tó wà láyé, ní Faransé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé: A kò mọ̀ yín.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti yọ lórí ebè. Ẹni tí kò bá rí ajílẹ̀ fi sí i ní àsìkò yẹn mọ̀ pé ebi lòun ń gbìn. Ìdí nìyẹn tí àgbàlá fi kún láti òwúrọ̀. Àwọn ará Adakplamẹ ló kọ́kọ́ dé, wọ́n tò, wọ́n ń gba àpò tiwọn lọ. Magasinié wa, ìyẹn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ẹrù, ló dúró lójú fèrèsé ńlá tí wọ́n ti ń kó ẹrù jáde, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí àwọn èèyàn ń tẹ kóòdù wọn sí. Èèyàn sísanra kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, oníyẹ̀yẹ́ ni. Ó máa ń bú ọkùnrin tó bá fẹ́ gba iwájú àgbàlagbà obìnrin, èjìká ara rẹ̀ ló sì fi ń gbé àpò àwọn opó dé ìdí zẹ́mì, ìyẹn alùpùpù akérò. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ìyàwó tó fẹ́ ní Adakplamẹ ló so ó mọ́ wa. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn àna rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tí èyí jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ yẹn.

Àwọn ará Adakplamẹ ti gba tiwọn tán, wọ́n ń lọ, ni kúrán, ìyẹn iná mànàmáná, bá lọ. Bátìrì kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì mi gbé ẹ̀rọ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń ké bí òròmọdìyẹ, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ẹ̀rọ kú. Magasinié fúnra rẹ̀ ló sáré lọ tan gúrúpù, jẹnẹrétọ̀ wa. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í bú, iná padà dé, ẹ̀rọ jí fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ ló kọ́kọ́ jí, ó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Aṣọ́nà jí tẹ̀ lé e, kò rántí ohun tí wọ́n fẹnu sọ fún un mọ́, ó forí lé ẹnu ọ̀nà kan náà, ó bá ẹlòmíì níbẹ̀, ó kú. Èmi ò mọ̀. Gbogbo iná ara ẹ̀rọ ló tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ará Odómẹta dé, wọ́n pọ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ bọ́ọ̀lù pupa ló wà níwájú wọn. Ó tẹ nọ́ńbà bàbá rẹ̀ àti kóòdù. Mo ń gbọ́ wọn nínú yàrá mi.

"Ó ní òun ò mọ̀ yín," ni magasinié wí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀.

"Ó tún ní òun ò mọ̀ yín o."

"Ta ni kò mọ̀?" ni aláṣọ pupa béèrè. "Orúkọ bàbá mi ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ni ẹ ò mọ̀?"

Magasinié kò gbọ́ ohun tó wà nínú ohùn yẹn. Ó pe ẹni tó kàn. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ ìyẹn náà. Ó pe òmíràn, ó tún pe òmíràn, ìdáhùn kan náà ni. Ní ilẹ̀ wa, bí o bá sọ fún ọkùnrin pé o kò mọ̀ ọ́n, ó lè fi rẹ́rìn-ín. Bí o bá dojú kọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí o sọ pé o kò mọ bàbá rẹ̀, o ti sọ pé ìran rẹ̀ kò tó nǹkan. Magasinié sì ń pariwo rẹ̀ fún agbo ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, torí ó rò pé gbogbo wọn ń gbọ́ ọ bí àwàdà.

"Ẹ ò rí i? Àwọn àna rẹ̀ nìkan ló mọ̀!" Ohùn kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. N kò mọ ẹni tó ni ín títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ ìgbátí àkọ́kọ́.

Mo dìde, mo yọjú. Wọ́n ti fa magasinié gba ojú fèrèsé ńlá náà jáde bí ẹni fa àpò, ikùn rẹ̀ ń họ lára bíríkì, sálúbàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sínú ilé. Ó ń sọ pé, "Ẹ dúró ná, ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ni!" Ẹnì kan fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fa àpò kan ya lé e lórí, ajílẹ̀ dà sí i lójú àti lójú egbò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe tí n kò gbọ́ lẹ́nu àgbà ọkùnrin rí. Ṣọ́bìrì wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lo ṣọ́bìrì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó fi bo orí ṣẹ́, mo rí i bó ṣe ṣẹ́, ó tẹ̀ síbi tí ọwọ́ kì í tẹ̀ sí. Aláṣọ pupa rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹrù, ó yọ ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn, ó sì rìn padà wá. Kò sáré. Àìsáré rẹ̀ yẹn ni mo ṣì máa ń bá pàdé lójú oorun.

Mo há ilẹ̀kùn mi. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jáde nígbà yẹn, wọn ì bá pa èèyàn méjì dípò ẹnì kan, ẹ̀rọ kò sì ní ṣí síbẹ̀. Gbogbo ìjà náà dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀rọ ń sọ, èmi nìkan ló sì wà nínú àgbàlá yẹn tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Ìyẹn ni mo sọ fún ara mi, mo sì gbà á gbọ́ pátápátá.

Ààrẹ ẹgbẹ́ wá ń lu ilẹ̀kùn mi. Àgbàlagbà tó ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ ni, ohùn rẹ̀ ti ya. "Màdámù, yọ ọ́ kúrò! Ohun tó ń béèrè kóòdù yẹn, yọ ọ́, kí gbogbo wọn kó ohun tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi ọkùnrin yìí sílẹ̀!" Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Mo lè sọ fún Oníṣẹ́ pé kó má dúró de Aṣọ́nà mọ́, kó máa dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹrù gbogbo ará Òpómẹ́ta, ìlú tó kù tí kò tíì gba tirẹ̀, ṣì wà nínú ilé náà, ti àwọn opó tí kò tíì rí ọkọ̀ wọ̀, àwọn arúgbó tó ń retí ọ̀la. Àwọn èèyàn tó di ṣọ́bìrì lọ́wọ́ kò ní tò sí ìlà. Mo pariwo pé, "Bàbá, bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á tún gún ara wọn lọ́bẹ lórí àpò! Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe!" Ó bú mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wọ́ lọ.

Mo wo ọ̀rọ̀ tí Aṣọ́nà sọ kẹ́yìn kó tó kú. Ó ní ẹnu ọ̀nà tí òun fẹ́ dúró sí, ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yé mi, bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ni. Mo rí ọ̀gá láti Kútọnu bó ṣe ń tẹ nǹkan lọ fìrìfìrì tó ń sọ pé ó ti parí. Mo ṣí àṣẹ tí Aṣọ́nà ń kà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà tuntun sí i. Mo kọ ọ́ sódì, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Lẹ́yìn ògiri, ọ̀pá irin ń bọ́ sórí ẹran ara. Nígbà tó bá bọ́ sórí egungun, ìró rẹ̀ yàtọ̀. Mo ti kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ wọn kí n tó kọ ìlà kan tán.

Ọwọ́ kan wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń wá wáyà ẹ̀rọ, ó fẹ́ fà á jáde. "Ẹ̀rọ àjẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ!" Mo di pákó fèrèsé mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo fi gbogbo agbára mi tì í pa mọ́ ọwọ́ náà. Nǹkan kan ró kọ̀ lábẹ́ pákó. Ọkùnrin náà ké. Mo tún un tì. Inú mi dùn, mo sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí. Inú mi dùn bí ẹni jẹun yó. Ìgbà tí ọwọ́ náà já jáde, mo há fèrèsé, mo padà sídìí iṣẹ́, mo sọ fún Oníṣẹ́ ibi tó ti máa rí Aṣọ́nà báyìí, mo sì pàṣẹ pé kí Aṣọ́nà jí.

Ó ń jí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń sọ ohun tó ń ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi arúgbó tó ń wọ aṣọ. Mo ń bú u. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Igbe magasinié ti dópin, ó ku ìró irin nìkan, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tó yá, Aṣọ́nà béèrè ẹni tí mo jẹ́, mo tẹ orúkọ àti kóòdù mi, ó jẹ́ kí n kọjá. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ síta, mo ń pariwo bíi wèrè.

"Ó ti ṣí! Ó ti mọ̀ yín! Gbogbo yín ló mọ̀! Ẹ wá gba ẹrù yín!"

Kò sí ẹni tó yíjú. Mo tún un sọ. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré náà sókè kí wọ́n rí i. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò ó, ó rí i pé ó ti ṣí, ó sì padà síbi tó ti ń ta ìpá. Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ni ara mi ti tutù. Mo ti lo gbogbo ọgbọ́n orí mi láti mú ìdí ìjà náà kúrò, mo mú un kúrò lóòótọ́, ìjà náà kò sì nílò ìdí kankan mọ́. Ó ti ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n ń lu ọkùnrin náà nítorí pé wọ́n ti ń lù ú tẹ́lẹ̀.

Mo fò mọ́ aláṣọ pupa lẹ́yìn, mo di ọrùn rẹ̀ mú. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́nu láìtiẹ̀ wò mí. Eyín tí o máa ń bi mí léèrè pé báwo ló ṣe kán, ibẹ̀ ló kán sí. Mo ṣubú, mo rí magasinié láti ilẹ̀ tí mo wà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pò mọ́ ajílẹ̀, ó di pupa rúsúrúsú bí ògì ọkà. Ojú rẹ̀ kan kò sí níbi tó yẹ kí ojú wà.

Ààrẹ ẹgbẹ́ ló parí rẹ̀. Ó rìn wọ àárín wọn, wọ́n ń fi èjìká gbá a, kò dúró. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó fi sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ọmọ tí òun lè bí bàbá wọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú nínú ẹ̀jẹ̀ àti ajílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í wà lóòró kí arúgbó wà nílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa nǹkan sórí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ju ṣọ́bìrì nù, ó wólẹ̀ kíákíá kí orí tirẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju ti àgbà náà lọ. Ẹni kejì wólẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ń wólẹ̀ lọ bẹẹrẹ, títí gbogbo àgbàlá fi dùbúlẹ̀, àwọn apànìyàn yí ẹni tí wọ́n ń pa ká, gbogbo wọn ní ìdọ̀bálẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin náà ni ọba. Aláṣọ pupa nìkan ló ṣẹ́kù lóòró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ọ̀pá irin lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó yá, òun náà kúnlẹ̀. A wá ń gbọ́ gúrúpù tó ń bú, àti magasinié tó ń mí pẹ̀lú ìró omi nínú ọ̀fun.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e lọ sí ọsibítù ní Kétu. Ààrẹ dìde, ó gbọn aṣọ, ó wá bá mi. "Fún wọn ní ẹrù wọn," ló wí. "Kí wọ́n máa lọ." Mo dúró sójú fèrèsé ńlá náà, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu mi, mo sì rí ohun tó burú jù ní gbogbo ọjọ́ yẹn: wọ́n tò. Wọ́n tò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ti fọ ọwọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n ń gba àwọn àgbà síwájú. Nígbà tó kan aláṣọ pupa, ó ní, "Tántí, ẹ jọ̀ọ́." Ó tẹ nọ́ńbà bàbá rẹ̀, ó tẹ kóòdù. Aṣọ́nà wò ó, ó dá a lójú, ó ní ẹ káàbọ̀, ó sì pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Oníṣẹ́ ní kí n kó ẹrù fún un. Mo kó ẹrù fún un. Àwọn ètò méjì náà ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn láìsí àléébù kankan, mo sì wọ yàrá lọ bì.

Àwọn sàndáámù, ìyẹn ọlọ́pàá, wá. Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan. Èmi sọ ohun tí mo rí, wọ́n ní àwọn gbọ́. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibì kan, àwọn àgbà Odómẹta ti wọ ọsibítù lọ bẹ̀bẹ̀, bàbá aláṣọ pupa ló ṣíwájú wọn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Magasinié, tí ojú kan ti lọ pátápátá, tí wọ́n di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ igi, ní òun ti gbọ́, òun ti fi jì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń parí rẹ̀: bàbá á bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ, ọmọ á sì mọ́ láìla ẹnu. Ọmọ ọ̀hún kò tilẹ̀ wá. Inú bí mi sí magasinié ju bí inú ṣe bí mi sí àwọn tó lù ú lọ. Mo bá a jà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo ní ojú tó kù fún un kò wúlò fún un.

"Ọmọ mi," ló dá mi lóhùn, "bàbá rẹ̀ kọ́ ló lù mí."

N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo rò pé ó ń ṣàforíjì ni.

Nígbà tí àsìkò ajílẹ̀ tún dé, ó padà sójú fèrèsé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sunkún kí ó má lọ, magasinié ní níbo lòun ó tún lọ? Ó ti jò, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ká délẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà la ṣì ń lò, Aṣọ́nà àti Oníṣẹ́ sì ti ní ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó wà lákọsílẹ̀ fún wọn. Kúrán ìbáà lọ kó sì bọ̀, wọn kò tún jà. Ọjọ́ tí ó kan Odómẹta, mo dúró ti magasinié. Aláṣọ pupa dé, aṣọ funfun ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó tẹ nọ́ńbà, ó tẹ kóòdù. Ẹ̀rọ kí i káàbọ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Alágbàṣe tó ń bá a kó ẹrù ti yí padà láti lọ gbé àpò, ni magasinié bá gbé ọwọ́ líle yẹn sókè.

"Dúró," ló wí. Ó wo ọmọkùnrin náà pẹ̀lú ojú kan. "Ta ni ọ́?"

Ọmọkùnrin náà pe orúkọ bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ti sọ ìyẹn fún mi. Bàbá rẹ sì ti wá bá mi, ó ti dọ̀bálẹ̀, a ti parí tirẹ̀. Ìwọ ni mo ń bi. Ta ni ọ́?"

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà ló gbọ́. Ọmọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó bá a dáhùn. Ó wá pe orúkọ ara rẹ̀, orúkọ tí kò sí nínú ẹ̀rọ wa, ó pè é bí ẹni tó kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ.

"N kò gbọ́," ni magasinié wí.

Ó tún un pè. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í: "Èmi ni mo mú irin, bàbá. Èmi ni." Orúnkún rẹ̀ sì kan ilẹ̀.

"Ó dáa," ni magasinié wí. "Ẹ gbé ẹrù rẹ̀ fún un." Ọmọkùnrin náà ò lè gbé àpò náà, àwọn ẹlòmíì ló bá a gbé e kúrò. Ẹni tó kàn wá síwájú, ọkùnrin tó ní ọmọ tirẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá, ó yọ fìlà, ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó ní òun lòun mú ṣọ́bìrì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ti yọ fìlà kó tó dé iwájú.

Láti ìgbà yẹn, mo ti gbé ètò méjì yẹn sórí ẹ̀rọ kan níbi púpọ̀, iṣẹ́ tó ń bọ́ mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn ará Kútọnu ń ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀rọ mi kì í ṣi èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá ti béèrè tán, tí ẹni náà ti dáhùn, tí ó sì ti kọjá, mo máa ń rántí ọkùnrin olójú kan yẹn, mo sì mọ̀ pé a kò tíì bi ẹni náà ní nǹkan kan.